Orúkọ Bàbá Lórí Ìwé Àsíátù

Àsíátù Bàlògún kì í ṣe ẹni tí omijé máa ń yá lójú. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ ń jókòó ní ọjà Adawlato, òun ń ta òwú àti síìpù, èmi ń ta bọ́tìnnì. Mo lè búra pé n kò rí i kó sunkún rí, àfi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lomé ni wọ́n bí i sí, ọmọ Tógò ni. Ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Làmídì, bàbá tó bí i, tó kú nígbà tí Àsíátù wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ilé kan ṣoṣo ni Làmídì fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ wá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ pín in, pé ẹni tí kò bá ní ìwé ọmọ Nàìjíríà tí a gbà nípasẹ̀ Làmídì kò ní yàrá níbẹ̀. Ni ọ̀rẹ́ mi bá gbéra. Ó ní òun kò ní ju ti Tógò nù, méjèèjì lòun máa ní, torí ilé bàbá òun kò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn, ojú rẹ̀ rí màbo! Oṣù mẹ́jọ ló fi ń gun ọ̀kadà lọ sí àdúgbò Tokoin, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó lọ gba ẹ̀dà ìwé ìbí tuntun, ó gbà á. Wọ́n ní òǹtẹ̀ kò tó, ó tún lọ. Lọ lónìí, bọ̀ lọ́la. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òǹtẹ̀ orí ìwé rẹ̀ ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo sìn ín lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìwé Nàìjíríà.

Obìnrin tó jókòó lójú fèrèsé ka ìwé ìbí náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ta ni Sùlìámọ́nù?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni."

"Òun ni wọ́n kọ síbí pé ó bí yín. Ó sì ti di ọmọ Tógò kí wọ́n tó bí yín. Ẹ kò lè gba ìwé Nàìjíríà nípasẹ̀ rẹ̀."

Háà! Ta ló máa rò ó débẹ̀? Láyé ìjọ́un, láàárín àwa tí a wá láti Nàìjíríà, àgbà ilé ló ń lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Àbúrò wo ló máa ti orúkọ tirẹ̀ síwájú nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà láyé? Àfojúdi gbáà ni! Ọmọ mẹ́rin ni Làmídì bí ní Lomé, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lórí ìwé gbogbo wọn. Ìwé tèmi náà rí bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà ní ọ̀nà kan ló kù: kí Sùlìámọ́nù fúnra rẹ̀ lọ sọ níwájú adájọ́ pé òun kọ́ ló bí Àsíátù. Inú wa dùn. Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Òun náà ló tọ́ Àsíátù dàgbà. A kọrí sí ilé rẹ̀ ní Hanoukopé.

Àsíátù kúnlẹ̀, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà. Bàbá gbọ́ ọ títí dé ìparí.

"Àsíátù, ọmọ mélòó ni mo bí?"

Bàbá fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Mo fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, kò sí èyí tó lóyún nínú wọn. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ọmọ, ẹ̀yin mẹ́rin ni mò ń nawọ́ sí. Àwọn mẹ́ta ti kú. Ṣé ìwọ tó kù ni kí n wá dúró ní kóòtù, kí n búra pé n kò bí?"

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ìwé lásán mà ni!"

Ó wò mí. "Bó bá jẹ́ lásán ni, kí ló gbé yín wá?"

Àsíátù ní kí Bàbá má bínú, ó dìde, a jáde. Ojú títì níta ló ti bú sẹ́kún, tó ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí wọ́n pín ilé wọn, kí wọ́n má ka òun mọ́ ọn.

Ẹni tó gbé fóònù bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ọmọ Làmídì tilẹ̀ ni ọ́?"

"Rárá," ni Àsíátù wí. "Ọmọ Sùlìámọ́nù ni mí."