Ẹ̀gbọ́n Mi àti Àpótí Oníhò Mẹ́rìnlélógún

Ẹ̀gbọ́n mi kì í béèrè ọ̀nà. Bó bá ṣìnà, ṣe ni yóò máa rìn lọ títí yóò fi rẹ ọ̀nà, tí ọ̀nà yóò sì tẹ̀ lé e wálé. Bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Bó sì ṣe wà náà nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó gbé àpótí oníhò mẹ́rìnlélógún wọ ilé ìwòsàn wa, tó ní ọjọ́ méjì péré lòun máa fi tò ó tán. Ọjọ́ Ẹtì ti dé, a ṣì ń wojú ara wa.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé èmi ni mo mú un wá. Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì nílé ìwòsàn náà, ó ti di ọdún mọ́kànlá, kò sì sí aláìsàn tí mi ò lè yọ fáìlì rẹ̀ jáde kó tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Dókítà, obìnrin tó ni ibẹ̀, sọ pé òun fẹ́ Wáì-fáì ní gbogbo yàrá, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè máa wo àkọsílẹ̀ aláìsàn lórí fóònù fífẹ̀ níbi ibùsùn, ẹnu mi ò lè dákẹ́. Mo ní, "Dókítà, ẹ̀gbọ́n mi mọ iṣẹ́ yẹn bí ẹní mowó." Dókítà ní ó dáa. Bó bá ṣe ti ibí yìí, tó sì dúró dáadáa títí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, òun á fa ilé ìwòsàn òun méjì yòókù lé e lọ́wọ́, á sì máa bójú tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi fi fa wáyà fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan, kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé nítorí pé àwọn ọmọ tuntun ni àwọn fẹ́ máa lò. Ọdún kejì rèé tó ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn nílé mi. Gbogbo nǹkan inú ilé ló ti tún ṣe tán, títí kan èyí tí kò bàjẹ́. Láràárọ̀, á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀ dáadáa, á ki tẹ́sítà tó fi ń dán wáyà wò bọ àpò àyà, á wá jókòó sí pálọ̀. Kò ríbi lọ. Ẹni tó bá ti rí àgbàlagbà tó múra iṣẹ́ láìsí iṣẹ́ tó ń lọ, onítọ̀hún á mọ ohun tó mú mi la ẹnu níwájú Dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àpótí náà, nítorí èmi náà ti wá di ọ̀mọ̀wé rẹ̀ tipátipá. Irin dúdú pẹlẹbẹ ni, kò gùn ju apá lọ, ihò mẹ́rìnlélógún tò sí iwájú rẹ̀. Wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti to irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Àmọ́ láyé tiwọn, ohun tó ń pàṣẹ fún àwọn àwo Wáì-fáì, ìyẹn àwọn àwo funfun tí wọ́n ń kàn mọ́ àjà, máa ń dá dúró lọ́tọ̀ ni. Nínú èyí, aláṣẹ náà ti wà nínú ikùn àpótí fúnra rẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ fún un lórúkọ, ẹ máa fún un ní àdírẹ́sì, ẹ máa ṣe páswọ́ọ̀dù méjì sí i, ọ̀kan fún òṣìṣẹ́, ọ̀kan fún àlejò. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àwo mẹ́sàn-án tó wà lájà máa wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ti gbà, iná rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Èyí tí kò bá tíì gbà, pupa rúsúrúsú ni á máa ṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ Ajé, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwé wo?"

"Ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tò ó."

"Àwọn tó kọ ọ́ yẹn, èmi ni mo kọ́ bàbá wọn níṣẹ́." Ó gbé ife tíì rẹ̀ lé ìwé náà lórí.

Ó gun àkàbà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Nọ́ọ̀sì àgbà pariwo mọ́ ọn pé ó gbé àkàbà dí ẹnu ọ̀nà àwọn aboyún, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n ṣe sùúrù, nọ́ọ̀sì ní ọmọ kì í ṣe sùúrù. Títí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi ṣú, gbogbo àwo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ń ṣẹ́jú rúsúrúsú. Ìgbà tí ó sú mi ni mo gbé ife kúrò lórí ìwé, mo sì kà á fúnra mi nígbà oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́rú. Ojú ewé kẹfà: ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ àti aago fún àpótí. Tiwa rò pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn la ṣì wà, àwọn àwo ò sì gbà láti bá ẹni tí kò mọ ọdún tó wà ṣe.

Mo sọ fún un. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn." Irọ́ ni, mo mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Ó tẹ ọjọ́ sí i. Àwọn àwo yí sí àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti yàrá àyẹ̀wò títí dé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí láti ọdún méjì, inú mi sì dùn débi pé mo lọ jókòó sínú yàrá fáìlì mi, mo nu ojú.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, kò sí ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì kan ò rí orúkọ aláìsàn, kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn ò ṣí. A sá dé ibi àpótí, a bá gbogbo iná iwájú rẹ̀ tó ń ṣẹ́ pàpàpà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí ìbà ń gbọ̀n. Àwọn àwo á wọlé, wọn á já, wọn á tún wọlé, wọn á tún já. Ẹ̀gbọ́n mi ní àṣìṣe wà nínú ohun tí òun tẹ̀ sí aláṣẹ inú rẹ̀. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ó tún ń ṣẹ́ pàpàpà. Ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Dókítà kọjá, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Inú bí mi. Orúkọ mi ló wà nílẹ̀, ara ẹni tí mo mú wá sì ń làágùn níwájú gbogbo èèyàn. Mo la ẹnu, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ti kọjá yín. Ẹ jẹ́ ká kúkú wá ọmọdé kan tó mọ̀ ọ́n."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ mú ìwé tó fi ń gbé tíì lé, ó ṣí i láti ojú ewé kìíní, ó sì ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. Mo ti fẹ́ kó ka ìwé yẹn láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tó wá ń kà á, mi ò lè wò ó.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo débi iṣẹ́, ó ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ó ní òun ti ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tí òun tẹ̀ ní àṣìṣe. Ó ní òun fẹ́ padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé tẹlifóònù: bí ariwo bá pọ̀ lórí ìlà, ẹ máa yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ariwo fi máa dákẹ́. Ó yọ ti ihò kìíní, ó dúró, ó wo iná, ó dá a padà. Ó yọ ìkejì. Mo dúró tì í, mo ń kà á lọ́kàn. Nígbà tó yọ ti ihò kẹtàdínlógún, gbogbo àpótí náà rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Yàrá wo nìyẹn?" mo bi í.

Ó wo ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ wáyà náà. "Tìẹ ni."

A lọ sí yàrá fáìlì. Lábẹ́ tábìlì mi, àpótí kékeré oníhò márùn-ún kan wà tó ti pẹ́ níbẹ̀, òun ló ń pín wáyà kan fún kọ̀ǹpútà mi méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó tan iná fóònù, ó sì tọ wáyà kan láti orí dé orí.

"Wá wò ó. Wáyà kan rèé, orí rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpótí kan náà. Ohun tó bá gba orí kan jáde, orí kejì ló ń gbà wọlé, kò lópin. Àwọn méjì tó ń kíra wọn lẹ́nu ọ̀nà ni, tí ẹnì kan ò jẹ́ kí ẹnì kejì kíni kẹ́yìn. Ta ló tún máa ráyè kọjá?"

Mo rántí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, nígbà tí inú mi ń dùn, mo gbálẹ̀ yàrá mi kí n tó lọ sílé. Orí wáyà kan wà nílẹ̀ tí ń kó eruku, ihò kan sì ṣófo lára àpótí kékeré náà. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè rí ohun tí kò sí nípò rẹ̀ kí n fi í sílẹ̀. Mo nù ún, mo kì í bọ ihò. Ó ró kàkà, ìyẹn tún dùn mọ́ mi nínú. Ohun tí mo fi ba iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ nìyẹn, òun náà ni mo wá fi bú u pé ó ti dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi wo wáyà náà, ó wò mí. Ó mọ̀. Ojú mi ti sọ ọ́ tán. Ó yọ ọ́, ó ká a, ó fi sápò, ó sì lọ dá ti ihò kẹtàdínlógún padà. Kí n tó tẹ̀ lé e débẹ̀, àwo tó wà lórí wa ti di àwọ̀ ewé. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ké síra wọn láti yàrá dé yàrá pé ó ti dé.

Dókítà wọlé pẹ̀lú fóònù fífẹ̀ lọ́wọ́. "Kí ló ṣe é?"

Kí n tó mí, ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn. "Èmi ni, Dókítà. Wáyà kan ni mo kì sí ibi tí kò yẹ lọ́jọ́rú, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má bínú."

Dókítà fọwọ́ ra ojú fóònù, ó ṣí àkọsílẹ̀ aláìsàn kan, ó ṣí òmíràn. "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ó gbé ojú sókè. "Ẹni tó bá lè sọ pé òun ló jẹ̀bi, èmi lè bá a ṣiṣẹ́. Bó bá wà báyìí di aago mẹ́rin, ẹ wá sí ọ́fíìsì mi, ká jọ kọ ìwé ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ó ti parí nìyẹn. Ohun gbogbo tí a fẹ́ ti wà lọ́wọ́ wa. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò lè fara dà á kí wọ́n máa rò pé ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé wáyà, ẹni tí kò gbàgbé wáyà kan rí fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo ti bú u ní gbangba, mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́ ní gbangba. Mo ní, "Dókítà, kì í ṣe òun! Èmi ni mo ki wáyà yẹn bọ ihò nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ò ní àbùkù kankan."

Dókítà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Ẹ sì mọ̀, nígbà tí ẹ ń sọ fún mi pé ẹ̀yin ni?"

"Mo mọ̀."

Dókítà pa ojú fóònù náà. Kò bínú, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ rọ̀. "Àkọsílẹ̀ aláìsàn ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Mi ò fẹ́ máa rò ó pé ta lẹ ń bò mọ́lẹ̀." "Ẹ ṣeun fún ti ibí yìí, ẹ ṣiṣẹ́. Ti méjèèjì yòókù, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

Kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ìtumọ̀ "ẹ jẹ́ kí n rò ó ná." Dókítà lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì náà rántí pé àwọn ní iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì. Ó ká wáyà tó kù, ó so ó, ó ti àkàbà mọ́ra. Mo ń tẹ̀ lé e kiri, mo ń sunkún, mo ń ṣàlàyé. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ yín ṣeré ni. Ire yín ni mò ń wá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ bá mi wí nígbà náà. Ẹ pariwo mọ́ mi."

Ó fa síìpù báàgì náà dé òpin kó tó wò mí. "Àbúrò mi, ọdún méjì lo ti ń bá mi gbé ẹrù mi. Òní nìkan ni mo rí tìẹ gbé. O ò jẹ́ kí n gbé e."