Kọ́kọ́rọ́ Ìbàdí Ọ̀gá

Ọdún méjìlá rèé tí mo ti ń fi ẹ̀rọ pa mọ́tò ní pọ́líìṣì. Kí n tó tan ẹ̀rọ, màá kọ́kọ́ bọ́ aago àti òrùka mi, torí bí irin bá kan ọ̀dà pẹ́rẹ́, ó ti ha á nìyẹn.

Lánàá, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, mọ́tò dúdú kan ń dán bíi dígí. Ni ọ̀gá tó ni ín bá fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi í wo irùngbọ̀n ara ẹ̀. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí fa ìlà gbọọrọ sára ọ̀dà. Ó yíjú sí mi: "Ìyá, ẹ̀rọ yín ti ha mọ́tò mi!"

Ẹ ò rí ìwọ̀sí! Mo na ìka mi tó ṣófo sí i.

"Òrùka tí ọkọ mi fi gbé mi níyàwó ni mo bọ́ nítorí mọ́tò yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín, ẹ ò lè kó kọ́kọ́rọ́ sápò!"