Ilà Tí Bàbá Kékeré Fẹ́ Kọ fún Ọmọ Mi

Títí dòní, bí mo bá ń ti Bẹẹrẹ lọ sí Màpó, tí òórùn ìgbín tí wọ́n ń fọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà bá ta sí mi nímú, àyà mi a já. Kì í ṣe pé n ò jẹ ìgbín o, ọ̀rẹ́ mi. Omi ìgbín ni olóolà gbé wá sí agbo ilé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Òsì, nínú ike kékeré, láti fi tu ọmọ mi lára bó bá ti kọ ọ́ nílà tán. Ọmọ ọ̀hún ò tíì lè dá jókòó.

Ọdún tí ariwo pé kí Yorùbá ya kúrò lára Nàìjíríà gba ìgboro kan ni. Àbúrò bàbá ọkọ mi, tísà ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, kò tún lọ́rọ̀ míì lẹ́nu mọ́: Mísírà, ìyẹn Íjíbítì, la ti wá, ẹ̀jẹ̀ wa ò lábùlà, ogun sì ń bọ̀. Ó ní ilà ojú làwọn baba wa fi ń mọ ara wọn lójú ogun, nítorí náà, gbogbo ọmọ tuntun inú ilé gbọ́dọ̀ kọlà kí ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó fi àwòrán ère Mísírà kan hàn wá lórí fóònù, ó ní ká wo abàjà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, òkúta tó sán ni. Òun alára ò sì ní ilà kankan lójú! Ọkọ mi kàn ń wolẹ̀ ni. Inú bí mi débi pé n ò dáná fún un lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí olóolà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń nu abẹ rẹ̀, mo gbá ọmọ mọ́yà. Bàbá ọkọ mi nìkan ló sọ̀rọ̀. Bàbá kan náà ló bí òun àti Bàbá Kékeré, ìyá wọn ló yàtọ̀.

“Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ṣebí pélé lèmi kọ. Ṣé pélé náà ti Mísírà wá ni?”

Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló dun Bàbá Kékeré.

“Pélé yín kì í ṣe ilà ilé yìí, ẹ̀gbọ́n. Ta ni ò mọ̀ pé ojú ogun ni wọ́n ti kó ìyá tó bí ìyá yín? Ẹrú ni.”

Yéè! Àwọn àgbà ló ní bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ìlú ológun ni Ìbàdàn, agbo ilé wo ni ò sí ọmọ ẹni tí wọ́n kó lógun? Gbogbo wa mọ̀, a kì í sọ ọ́ ni. Bàbá dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Olóolà di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ò lè kọlà nílé ìjà. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ilà mọ́.

Ọ̀dọ̀ wa ní Kúdẹtì, níbi tá a háyà, ni Bàbá wá ń gbé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Mo ti gbọ́,” ni Bàbá ń wí, kò sì padà. Nígbà tí àìsàn wọ̀ ọ́ lára, ó ní ká má sin òun sílé yẹn, sáàárín àwọn ọmọ bíbí inú ilé. Ìtẹ́ òkú ìjọba la sin ín sí, láàárín àwọn tá ò mọ̀ rí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí bàbá tó bí mi kú lọ.

Ogun tí Bàbá Kékeré ń wí ò dé. Ọmọ mi ti ń lọ ilé ìwé, àwọn èèyàn a sì máa ní, “Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yìí mà ń dán o!” Mo máa ń ní ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ tó gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ abẹ náà ló lé bàbá bàbá rẹ̀ kúrò nílé, n ò sì tíì mọ bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ irú ẹ̀.