Èmi, Rísíkà àti Owó Dúró-Dè-Mí

Ọjọ́ tí Rísíkà kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wa, èmi ni mo gbé àga fún un. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń ròyìn wa kiri Marina lónìí máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló gbà mí síṣẹ́. Irọ́ ni. Ọdún méjì ni mo ti lò níbẹ̀ kó tó dé. Mo mọ àtẹ̀gùn tó ń mì, mo mọ wákàtí tí iná máa ń lọ, mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń dáa jù, ibẹ̀ náà ni mo gbé tábìlì mi sí. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Rísíkà ti ń jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá ló ní kí n sún.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, Mùfú lorúkọ mi. Ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi, mo fi í sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Nígbà táwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe wàhálà ìdánwò, èmi ń fi fóònù ra ṣíà ní Amẹ́ríkà. Ta ló kọ́ mi? Fóònù náà ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ kan mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akọ̀wé lọ́yà ní Igbosere, ni bàbá kan tó ń kọjá bá dúró, ó gbọ́ mi títí, ó ní kí n wá bá òun ní ọ́fíìsì. Bàbá yẹn ni Ọ̀gá Pẹréírà, ọmọ Àgùdà, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti wù kí oòrùn mú tó.

Iṣẹ́ wa ò ṣòro ṣàlàyé. Ẹni tó bá lówó, tí ò fẹ́ kí náírà máa rà mọ́ òun lọ́wọ́, á gbé e wá fún wa, àá bá a sọ ọ́ di dọ́là, àá fi ra ṣíà fún un. Ṣíà ni ìpín téèyàn ní lára ilé iṣẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá ń rọ́wọ́ mú, ìpín á gòkè. Bí ayé bá dàrú, á já wálẹ̀. Kéèyàn mọ èyí tó máa gòkè, iṣẹ́ nìyẹn. Èmi mọ̀ ọ́n. Mi ò ní torí ìtìjú sọ pé n ò mọ̀ ọ́n.

Kọ́sítọ́mà mi tó gbayì jù ni Alhaja Ṣìdí, tó ń ta mílíìkì inú agolo àti ṣúgà ní Òkè Àrin. Ogún ọdún ló ti fi ń háyà ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ tó jogún ilé tó wà wá ní àwọn fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ní òun làwọn máa kọ́kọ́ fi lọ̀, tó bá ti lè san án tán kí Iléyá tó dé. Owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ló gbé wá fún wa kó lè dàgbà sí i. Èmi ni mo yan ṣíà tá a fi rà. Ó gòkè. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọkọ mi, tó bá ti yọ lórí àtẹ̀gùn, èmi ló máa kọ́kọ́ bèèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó dé, ó ń mí hẹlẹ, ó ní òun ò sùn dáadáa mọ́. Ó bi mí pé bó bá já wálẹ̀ kó tó di Iléyá ńkọ́. Mo ní kò lè já. Ó tún bi mí. Mo ní èmi Mùfú ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ni Rísíkà bá dá sí i láti ẹ̀yìn mi, ohùn jẹ́jẹ́.

“Ẹ san owó dúró-dè-mí lé e lórí, mà.”

Ẹni tí ò bá mọ Òkè Àrin lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ọjà bá ń gbówó lórí lójoojúmọ́, tí owó ọgọ́rùn-ún páálí mílíìkì ò sì tíì pé lọ́wọ́ rẹ, wàá fún oníṣọ́ọ̀bù ńlá ní owó kékeré kan kó bá ẹ di iye tòní mú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mílíìkì bá wọ́n sí i, iye tòní náà lo máa san. Bó bá já wálẹ̀, wàá fi owó kékeré yẹn sílẹ̀ fún un, wàá lọ ra èyí tí ò wọ́n níbòmíì. Owó yẹn kì í padà, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Rísíkà sọ fún Alhaja pé àwọn òyìnbó náà ń ṣe é, ọ́pṣọ̀n ni wọ́n ń pè é, ó sì wà fún ẹni tó fẹ́ rà, ó wà fún ẹni tó fẹ́ tà. Èyí tó wà fún ẹni tó fẹ́ tà ló ní kí Alhaja san: wàá san owó díẹ̀, ẹnì kan lọ́hùn-ún á sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé iye báyìí lòun máa ra ṣíà rẹ títí di ọjọ́ báyìí, ìbáà já wọnú kòtò.

Alhaja ní ó yé òun. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi yé e.

Ohun tó dùn mí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ ọ́pṣọ̀n kí Rísíkà tó dé. Mo ti wo fídíò tó lé ní ogójì lórí ẹ̀. Òun tí bàbá ẹ̀ kó wá láti Ìjẹ̀bú, tó dàgbà sẹ́yìn páálí ní Òkè Àrin, òun ló rí i pé nǹkan kan náà ni. Èmi ọmọ onílẹ̀, ìyá mi ti fi owó dúró-dè-mí rán mi sọ́jà láìmọye ìgbà, kò wá sọ́kàn mi rí. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ẹnu ẹ̀.

Látọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí. Kọ́sítọ́mà á gun àtẹ̀gùn, á kí mi, á sì kọjá mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá ra àga oníkẹ̀kẹ́ fún un, èmi ṣì wà lórí onígi. Mo máa ń ka iye èèyàn tó jókòó tì í lóòjọ́. Mo máa ń ka iye ìgbà tí Ọ̀gá bá fi orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó tiẹ̀ máa ń bu oúnjẹ ẹ̀ fún mi, ó sì dùn, ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Alhaja fi san dúró-dè-mí tí ọjà ò sì já. Ní gbogbo ìparí oṣù ni owó yẹn ń lọ lásán, èmi ni mò ń bá a kà á sókè kí gbogbo ọ́fíìsì lè gbọ́. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé owó tó ti sọ nù ti tó ra fíríìjì.

Ó wojú mi. “Mùfú, látìgbà tí mo ti gba ọdẹ tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, olè ò tíì wá. Ṣé kí n lé e lọ ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rísíkà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó dojú kọ kọ̀m̀pútà ẹ̀ bí ẹni tí ò gbọ́. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Iléyá dé, àǹtí kan tó jẹ́ ìbátan Rísíkà bímọ ní Ìjẹ̀bú, Rísíkà sì fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́rú, ó wá bá mi ní tábìlì mi. Ó ní dúró-dè-mí Alhaja máa pé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n bá òun ra òmíràn tó máa gbé e kọjá Iléyá. Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó kọ iye, ó kọ ọjọ́.

“Jọ̀ọ́, Mùfú, kó má kọjá Jímọ̀.”

“Ṣé èmi lò ń kọ́?”

Mo ki bébà náà bọ àpò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, àwọn kan rò pé mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Ohun méjì ló wà lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́, ní Òkè Àrin, dúró-dè-mí tó bá pé lọ́jọ́ Jímọ̀ kì í kú lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn ọlọ́jà á ti lọ kírun, kò sì sí Mùsùlùmí tó máa torí pé o lọ sí mọ́ṣáláṣí kó gba iye rẹ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Wàá wá láàárọ̀ Mọ́ńdè, wàá kí i, wàá fi díẹ̀ kún un, iye rẹ á sì dúró bó ṣe wà. Ohun tí mo bá nílẹ̀ nìyẹn, kò ṣe mí bí ẹni pé ó lè yàtọ̀ lọ́hùn-ún. Èkejì, ọjà ń gòkè lọ́jọ́ náà. Tí ọjà bá ń gòkè, ẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ẹnikẹ́ni, mo rò ó pé tó bá fi máa di Mọ́ńdè, dúró-dè-mí á ti dínwó, èmi á sì rà á ní pọ́ọ́kú ju bí Rísíkà ti ń rà á lọ. Mo ti rí i lójú ara mi bí mo ṣe máa gbé rìsíìtì méjèèjì sílẹ̀ níwájú Alhaja, tèmi àti tiẹ̀, tí mi ò sì ní sọ nǹkan kan.

Alhaja fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi lẹ́yìn ìrun, ó ní ṣé mo ti ṣe é. Mo fèsì pé ó ti parí, mà. Mo lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán wa ni ọjà ṣíà máa ń ṣí lọ́hùn-ún. Ní Mọ́ńdè, bó ṣe ṣí, pupa ló gba gbogbo ojú fóònù. Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ìjọba níparí ọ̀sẹ̀, gbogbo ayé ń tà, kò sẹ́ni tó ń rà. Ṣíà Alhaja já bí ẹni pé wọ́n gé okùn ẹ̀. Mo wá dúró-dè-mí àtijọ́ lórí kọ̀m̀pútà, kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti kú láti alẹ́ Jímọ̀. Mo fẹ́ ra tuntun, iye ẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́jọ, iye tó sì ń dì mú náà ti lọ sílẹ̀. Mo ń wá ẹni tí mo máa bẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mò ń wá ẹni tí mo máa kí, kí n bẹ̀ ẹ́ pé Jímọ̀ ni. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni.

Rísíkà dé lọ́jọ́ Túsìdè. Ó tan kọ̀m̀pútà, ó wò ó pẹ́, ó wá yí àga ẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

“Ṣé o gbàgbé ni?”

Ó la ọ̀nà fún mi. Ìgbàgbé ò ṣe é nà lẹ́gba. Mo fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló máa fún mi ní ìyẹn náà.

“Mi ò gbàgbé. Mo fẹ́ rà á lówó tó dín sí tìẹ ni.”

Ó ní, “Nítorí èmi?”

Mo ní nítorí ẹ̀ ni. Ó mú báàgì ẹ̀, ó ní ká jọ lọ sí Òkè Àrin. Mo ní kó jókòó, èmi nìkan ni mo máa lọ.

Mo bá Alhaja lórí bẹ́ǹṣì láàárín àpò ṣúgà, àwọn tó ń rajà pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ní ọkọ mi, káàbọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un tán kí n tó dìde. Mi ò pa nǹkan kan mọ́.

“O ní o ti ṣe é.”

“Mo purọ́, mà.”

Ó bèèrè èló ló kù. Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó wo àjà ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó wo ògiri, ó sì bu omi sí kẹ́tù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùwàlá. Ká ní ó gbá mi létí, ǹ bá mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ sí.

Ìdajì ṣọ́ọ̀bù lowó ẹ̀ ká. Àwọn ọmọ tó jogún ilé yẹn ta ìdajì tó kù fún obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ, wọ́n fi bíríkì gé ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì. Ìta ni Alhaja ń to mílíìkì sí báyìí, tójò bá ṣú, wọ́n á máa sáré kó o wọlé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ṣíà yẹn padà gòkè. Àwọn kan ní ká fi yìn mí pé mo mọ̀ ọ́n yàn lóòótọ́. Iléyá ti lọ. Kí ni ìyìn fẹ́ ṣe?

Ọ̀gá ò lé mi. Ó gba gbogbo kọ́sítọ́mà lọ́wọ́ mi, ó fún Rísíkà, ó wá fún mi ní iṣẹ́ kan ṣoṣo: ọjọ́. Gbogbo dúró-dè-mí tó wà nínú ọ́fíìsì, èmi ni mo máa mọ ọjọ́ tó máa pé, èmi ni mo máa tún un ṣe kó tó kú. Mo bínú sí i lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní èmi tí mo mọ ṣíà yàn, wọ́n sọ mí di kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe iṣẹ́ kékeré ní kékeré. Mi ò kọ ọ́ sórí bébà mọ́, gbogbo ẹ̀ wà nínú ọpọlọ mi: ti tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ti ìyàwó lọ́yà ní Igbosere, ti àwọn ará Marina. Ọdún kan àtààbọ̀ rè é, ẹyọ kan ò tíì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ bi Rísíkà. Òun ní kọ́sítọ́mà, òun ní fèrèsé, òun ní àga, mo sì ń jowú ẹ̀ títí di òní, mi ò tíì rí àdúà tó gbé e kúrò.

Lóṣù tó kọjá, Alhaja gun àtẹ̀gùn wa. Látọjọ́ tí mo ti lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, kò wá mọ́. Ó gbé owó wá, ó ní bóyá ọlọ́ṣẹ yẹn á ta tiẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kí Ọ̀gá, ó kí Rísíkà. Rísíkà ṣàlàyé iye fún un, ó sanwó dúró-dè-mí. Mo tẹ orí ba. Nígbà tí wọ́n parí, ó yíjú sọ́dọ̀ mi, kò pè mí ní ọkọ, kò pe orúkọ mi.

“Ọjọ́ wo ló máa pé?”

Mo sọ ọjọ́ náà fún un, mi ò wo fóònù. Ó ní ó dáa, ó sì yí padà sọ́dọ̀ Rísíkà láti máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọ̀dọ̀ Rísíkà ló jókòó sí. Èmi ló bi léèrè.