Pa Adéwọlé àti Ẹlẹ́dẹ̀ Onírùngbọ̀n

Bí ẹ bá dé Heathway ní Dagenham lónìí, tí ẹ béèrè irú èèyàn tí Pa Olúdayọ̀ Adéwọlé jẹ́, ìtàn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Bàbá ti sùn nínú Olúwa láti èṣí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ náà kò tíì kú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àmọ̀kẹ́, ọmọ bàbá, ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní Heathway, irú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn èèyàn máa ń kó aṣọ, àwo àti ìwé tí wọn kò lò mọ́ wá fún, tí wọ́n á tà á láti fi tọ́jú àwọn aláìsàn. Bàbá ló ń mójú tó pẹpẹ ìwé àwọn ọmọdé níbẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, bàbá lọ jẹun, Àmọ̀kẹ́ sì ta ìwé kan kó tó dé. Bàbá wọlé, ó wo àyè tó ṣófo lórí pẹpẹ bí ẹni tó fi ahọ́n kan ibi tí eyín ti ká.

"Àmọ̀kẹ́, ìwé aláwọ̀ ewé tó wà níbí ńkọ́?"

"Mo ti tà á, Dádì. Màmá tó máa ń dé fìlà pupa yẹn ló rà á. Michelle."

"Èyí tó jẹ́ Júù?"

"Àwọn náà ni. Wọ́n ń wá ìwé fún ọmọ ọmọ wọn."

Bàbá jókòó, ó tún dìde. "Yéè! Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ìwé yẹn!"

Kí Àmọ̀kẹ́ tó lè sọ pé "Dádì, ẹ jọ̀ọ́," bàbá ti wọ kóòtù. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dagenham East. Ibùdókọ̀ kan péré ni, àyè ìjókòó sì pọ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró títí tó fi débẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ìdí jókòó gbé. Ó mọ ilé Michelle, torí òun ló bá a gbé àga kan lọ síbẹ̀ lóṣù tó ṣáájú.

Michelle ṣí ilẹ̀kùn, ó rí ẹni ọgọ́rin ọdún tí omi ń kán tó-tó-tó láti etí fìlà rẹ̀.

"Màdáámù, mo fi Ọlọ́run Ábúráhámù bẹ̀ yín. Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé kẹta."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀."

Michelle wò ó láti òkè délẹ̀. "Místà Adéwọlé," ó ní, "ẹlẹ́dẹ̀ ni a kì í jẹ. Ìwé, a ò tiẹ̀ jẹ ẹ́ rí."

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín kó padà sílé. Bàbá ní ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Ó gba ìwé náà padà, ó ní òun máa tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó mú bírò dúdú, ó fún ẹlẹ́dẹ̀ náà ní ìwo méjì àti irùngbọ̀n gígùn láti ojú ìwé kẹta títí dé ìparí. Ẹlẹ́dẹ̀ di ewúrẹ́. Ìrù nìkan ló kù tó ká kóńkó, nítorí bírò bàbá tán kó tó débẹ̀.

Rákẹ́lì, ọmọ ọmọ Michelle, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ló máa ń kàwé fún un lálaalẹ́. Ìyá náà kú, ọmọ wá bá ìyá àgbà rẹ̀ gbé ní Dagenham East, látìgbà náà kò sì fọwọ́ kan ìwé mọ́. Àwọn olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Michelle rò pé bóyá irú àwọn ìwé àtijọ́ tí òun náà kà lọ́mọdé, àwọn tó mọ́, tó ní ẹ̀kọ́ ìwà nínú, lè fà á wọlé padà. Nígbà tí ó gbé èyí tí bàbá tún ṣe síwájú rẹ̀, ọmọ náà ò kọ́kọ́ wò ó. Nígbà tó yá, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó nàka sí àwòrán kan.

"Màmá àgbà, ewúrẹ́ wo ló máa ń yíràá nínú ẹrọ̀fọ̀?"

"Ewúrẹ́ Dagenham," ni Michelle wí.

Kí ẹ tó bú bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Láti ìgbà tí bàbá ti kúrò ní Èkìtì wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ mọ́tò ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ilẹ̀kùn mọ́tò wò kó tó jáde. Èyí tó bá ní ìlà kékeré kan báyìí lára, bàbá á dá a padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú sí i títí, wọ́n sì wá síbi ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú tí kò ṣe é pa mọ́. Nígbà tó wá jókòó sílé ní Rush Green, ilẹ̀kùn ilé ló kù tó ń yẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ Àmọ̀kẹ́ pé, "Ọmọ mi, mú bàbá rẹ lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Bó bá tún yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi, èmi àti ilẹ̀kùn náà la jọ máa jáde nílé yìí."

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe di alákòóso pẹpẹ ìwé ọmọdé. Kò sí ìwé tó gorí pẹpẹ láìjẹ́ pé ó kà á jáde sókè, lórí ìdúró, níwájú gbogbo oníbàárà.

"Ọmọ yìí jí," á wí, "ó jẹun, ó jáde. Kò kí ìyá, kò kí bàbá. Níbo ló ń lọ?"

"Ó ń lọ wá ìṣúra ni, Dádì."

"Kò ní rí i." Ìwé náà á sì wọ inú páálí.

Nígbà tí Michelle bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, òfin bàbá le sí i. Ó ka Òfin Mósè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó lè mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun láti tún ṣe. Nínú ìjọ Aládùúrà wọn, ó dìde lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó ní òun ti di olùdámọ̀ràn fún ilé Ísírẹ́lì lórí ọ̀ràn ìwé kíkà. Ìjọ ké "Halelúyà!" Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan, ó na ìwé kan sí Michelle bí adájọ́. "Èyí ò ṣe é kà. Ọmọ inú rẹ̀ jẹ mítípáì, ó sì fi mílíkì tì í. Ẹran àti mílíkì tí Òfin ní kí wọ́n má jẹ pọ̀, nínú oúnjẹ kan ṣoṣo!"

"Ṣé Júù ni ọmọ náà?"

"Wọn ò sọ."

"Ẹ jẹ́ kó mu mílíkì rẹ̀ nígbà náà, Místà Adéwọlé."

"Tó bá wá jẹ́ Júù tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ńkọ́?"

Michelle gbé ìbéèrè yìí délé, ó rò ó títí. Ó sọ fún Àmọ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ kejì pé òun ò rí ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé ló wá le jù. Bàbá ní ọjọ́ ìsinmi ni, kò yẹ kí ọmọ Júù máa ka ìwé tí àwọn ọmọ ti ń wa ọkọ̀ ojú omi kiri ní Sátidé. Níbi gbogbo tí ó bá ti rí Sátidé nínú ìwé, á fa ìlà sí i, á kọ Túsìdeè sórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí Rákẹ́lì fi bá ìyá àgbà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ dúró níwájú bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ló dé tó jẹ́ pé Túsìdeè ni gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀? Túsìdeè ni ajá sọnù, Túsìdeè náà ni wọ́n rí i. Lọ́jọ́ Túsìdeè kan náà ni wọ́n tún lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn."

Bàbá ò mikàn. "Ní èdè tiwa," ó ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń pè é. Ọjọ́ tí èèyàn ń borí nǹkan ni. Ọjọ́ wo lo tún fẹ́?"

Ọmọ náà rò ó. "Mo lè gba ìyẹn," ó ní, ó sì mú ìwé méjì sí i.

Ohun tí bàbá ò mọ̀ ni pé Rákẹ́lì ti ń ka gbogbo ìwé náà, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, láti wá ibi tí bírò bàbá ti dé. Nígbà tó bá rí i, á sáré lọ fi han ìyá àgbà rẹ̀, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Kó tó mọ̀, ó ti ń ka èyí tí bírò ò dé rárá. Michelle sọ ọ́ fún Àmọ̀kẹ́ ní kọ̀rọ̀. Àmọ̀kẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀, nítorí bàbá ti ń sọ fún gbogbo Heathway pé ọgbọ́n ìṣàyàn òun ló mú ọmọ náà padà sídìí ìwé, kò sì sí ẹni tó láyà láti já a nírọ́.

Nígbà tó yá, ìwé ńlá kan dé, aláwọ pupa, tí etí rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Bàbá kà á fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí mílíkì, kò sí Sátidé. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń kí ìyá wọn láàárọ̀. Bàbá fi bébà ẹlẹ́wà wé e, ó ní kí Àmọ̀kẹ́ fi mọ́tò gbé òun lọ sí ilé Michelle, ìwé yìí kò ṣe é gbà lórí káńtà.

Michelle tú u. Ó rí èèpo ẹ̀yìn ìwé náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kò wá ojú ìwé tó fẹ́ ṣí rárá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibẹ̀. Ó yí ìwé sí bàbá. Àwòrán ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, imú rẹ̀ gùn bí ìkọ́, ó ń jí ohun ìṣeré àwọn ọmọdé kó sínú àpò. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé Júù ni.

"Àwa nìyí, Místà Adéwọlé," ni Michelle wí. "Ibi kan ṣoṣo tí a ti yọjú nínú ìwé yìí nìyí. Olùkọ́ mi kà á fún gbogbo kíláàsì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Gbogbo wọn yíjú wò mí."

Àmọ̀kẹ́ wo bàbá rẹ̀. Bàbá ti ka ojú ìwé yẹn sókè ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì ti fi ohùn ìkà kà á dáadáa.

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Wọ́n fún mi ní ìwé kan nílé ẹ̀kọ́ ní Èkìtì," ó ní, "torí mo gba ipò kìíní. Àwọn òyìnbó kan ń rìn nínú igbó. Àwọn dúdú ń ru ẹrù wọn, ẹnì kan nínú wọn sì ń jẹ èèyàn. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Bí mo bá dé oko, èmi ni mò ń ṣe òyìnbó. Bàbá mi á gbé iṣu karí, èmi á máa tẹ̀ lé e, mo mú ọ̀pá dání. Kò yé mi nígbà náà pé bàbá mi ni wọ́n yà sínú ìwé yẹn."

Michelle dìde, ó lọ po tíì. Wọ́n mu ún tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, bàbá gbé ìwé pupa náà sí abíyá. "Màdáámù, ẹ má bínú. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mi ò rí i."

"Ẹ ti rí i báyìí," ni Michelle wí.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè bàbá yí padà. Bí ìwé bá dé, á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín nínú èyí?" Òun àti Michelle á wá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á jọ ṣàyàn, wọ́n á jọ jà. Hameedah tó ń gbowó nídìí káńtà máa ń gbé rédíò sókè kí àwọn oníbàárà má bàa gbọ́. Michelle fẹ́ràn ìwé tí àwọn ọmọ ti ń ṣe orí kunkun díẹ̀. Bàbá ò fẹ́. Michelle ní ọmọ tí kì í ṣàṣìṣe, kò sí ohun tí èèyàn á kà nípa rẹ̀. Bàbá ní ibi tó dára sí gan-an nìyẹn. Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n jọ fẹnu kò síbì kan: ó lè wọ inú ìwé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ olórí ẹbí.

Bàbá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ, kò jí mọ́. Ikú jẹ́jẹ́ ni, ó bójú mu, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìjọ kún. Gbogbo ènìyàn wọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Michelle wọ dúdú, òun náà bọ́ bàtà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmọ̀kẹ́ tòun ti Rákẹ́lì, tó ti ń lọ sí ọdún méjìlá. Nígbà tí wòlíì béèrè bóyá ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀, Àmọ̀kẹ́ rò pé Michelle ni yóò dìde. Rákẹ́lì ló dìde.

Ó mú ìwé àdúrà kékeré kan jáde lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbà lórí òkú, ní èdè àtijọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó dúró láti mí, ìjọ sì ké "Àmín!" Ó ta gìrì. Ó kà á lọ, ó tún mí, wọ́n tún ké "Àmín!" Wọ́n ṣe é níbi tó yẹ, wọ́n ṣe é níbi tí kò yẹ, wọ́n ṣe é láàárín ọ̀rọ̀. Bàbá àgbà kan lẹ́yìn ní "Àṣẹ!" fún àfikún. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ń dúró dè wọ́n, ohùn rẹ̀ ń ga, títí ó fi ń dún káàkiri ilé.

Michelle di ọwọ́ Àmọ̀kẹ́ mú. "Èyí kan náà ni wọ́n ní kó kà níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Kò lè la ẹnu."

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń wá bàtà nínú òkìtì bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ̀kẹ́ rí ti Rákẹ́lì, ó kúnlẹ̀, ó ń bá a so okùn rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ohun tí mo kà yé yín?"

"Kò yé mi rárá, ọmọ mi."

"Ẹ̀ ń ṣe Àmín kí n tó parí."

"Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe é. A kì í lè dúró."

"Ó dùn mọ́ mi," ni Rákẹ́lì wí. "Ó dà bíi pé mi ò nìkan kà á."

Okùn bàtà náà ti di tipẹ́, ṣùgbọ́n Àmọ̀kẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó dorí kodò kí ọmọ náà má bàa rí ojú rẹ̀, ó ń tún un so.