Obìnrin Tó Ń Gbọn Aṣọ ní Castle Green

Ẹ má bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Mi ò mutí, oorun ò sì kùn mí. Ọ̀sán gangan ni, mo sì ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lórí títì A13 dáadáa.

Iṣẹ́ wa ni láti yẹ ilẹ̀ wò. Ibi tí ilé iṣẹ́ wà láyé àtijọ́, tí wọ́n wá fẹ́ kọ́ fúláàtì sí, àwa la máa ń bu erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ká lè mọ̀ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ ò bá mọ́, ilé náà ò ní gba ìwé ẹ̀rí pé kò pa àyíká lára.

Lọ́jọ́ yẹn, ní Castle Green, ní ìlà-oòrùn London, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀gá mi, Bọ̀dá Fẹ́mi, ní igun tó kù lẹ́bàá ọgbà ò ní wàhálà, koríko lásán ni. Mo bọ́ aṣọ ìdáàbòbò mi, mo lọ fa àwọn èèkàn wa yọ níbẹ̀.

Ìyá àgbà òyìnbó kan ló dúró síbẹ̀. Ó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí, ó di ṣòkòtò iṣẹ́ ọkùnrin kan mú, ó ń gbọ̀n ọ́n. Pàù! Pàù! Eruku ń bọ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń fẹ́ ò gbé e lọ síbì kankan.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá. Bí mo ṣe rí i pé ó dàgbà ju màmá mi lọ, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé London ni mo wà.

"Good afternoon, ma."

Ojú ẹ̀ yí padà. Ó fi òyìnbó sọ ọ́ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Dìde. Má kúnlẹ̀ níbẹ̀, ọmọ mi. Ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ọkọ mi fi ń gbé eruku yìí wálé láti ilé iṣẹ́. Èmi ni mò ń gbọ̀n ọ́n. Ọmọ mi á sì wà lẹ́sẹ̀ mi, á máa ṣeré."

Ikọ́ mú un. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò gbọ́ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo nawọ́ láti dì í mú, koríko nìkan ni mo bá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Géètì ṣì wà ní títì.

Orúnkún ṣòkòtò mi funfun bí ẹni tó kúnlẹ̀ sínú fúláwà. Ọkàn mi lọ sí asibẹ́sítọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé wa nígbà kan, tí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

"Sister, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Go home jàre," ni Bọ̀dá Fẹ́mi wí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí n bu erùpẹ̀ igun yẹn náà.

Nígbà tí mo délé ní Rippleside, Àníkẹ́ ọmọ mi sáré wá dì mọ́ orúnkún mi, bó ṣe máa ń ṣe. Igbe tí mo ké ya èmi gan-an lẹ́nu: "Má fọwọ́ kàn mí!"

Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ṣòkòtò yẹn lọ́wọ́. Àánú ìyá yẹn ṣe mí ju ẹ̀rù ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó pariwo kìlọ̀ fún un nígbà tiẹ̀.

Èsì àyẹ̀wò ò tíì dé. Mo ti di ṣòkòtò náà sínú ọ̀rá, mo ta ẹnu rẹ̀ ní kókó, mo gbé e sí báńkónì. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, mo máa ń bá kókó mìíràn lórí èyí tí mo ta, á sì le dáadáa. Èmi àti Àníkẹ́ nìkan la sì ń gbélé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú eruku, mo bẹ̀ yín, ẹ bọ́ aṣọ yẹn sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ má sì gbọ̀n ọ́n.