Àwo Ńlá Sàkáríyà ní Etí Odò Úsùmà

Bí ọkùnrin kan bá wà láyé yìí tí ó fẹ́ràn ohun ńlá, Sàkáríyà káfíńtà ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Abuja, lásìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ igbó di olú-ìlú, tí gbogbo nǹkan sì máa ń parí lọ́dún tó ń bọ̀. Ó kọ́ ilé kan sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀kùn iwájú ilé náà ga ju ìwọ̀n lọ, àfi bí ẹni tó ń retí pé kí ràkúnmí wá kí òun. Ó ra rédíò kan tó tóbi bí àpótí aṣọ. Rédíò náà kì í gbé ju ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń bá a gbọ́ ẹyọ kan náà. Àsíátù ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí ọkọ òun bá lọ ra abẹ́rẹ́ ìránṣọ, èyí tí wọ́n fi ń rán àpò ìrẹsì ni yóò béèrè.

Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tí ń kọ́lé fún ìjọba ni Sàkáríyà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Bàtúrè, bí àwọn Hausa ṣe ń pe òyìnbó. Lọ́dún 1987, Bàtúrè ní òun ń lọ sílé pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù. Kúùkù gba fíríìjì, máígáàdì gba bẹ́ẹ̀dì. Sàkáríyà, tó kan gbogbo àpótí tí Bàtúrè kó ẹrù sí, gba ẹ̀rọ kan tí kò sẹ́ni tó béèrè fún.

Ọ̀pá gígùn ni ẹ̀rọ náà. Àpótí kékeré kan tó ń jẹ bátìrì wà lókè rẹ̀, àwo pẹlẹbẹ kan sì wà nísàlẹ̀. Bí àwo náà bá kọjá lórí irin tó rì sínú ilẹ̀, ẹ̀rọ á ké. Ẹ̀rọ náà ni Bàtúrè máa ń gbé lọ sí etí odò Úsùmà, níbi tí iyanrìn funfun pọ̀ sí, tí àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ìjọba ti máa ń wẹ̀, tí wọ́n ti ń sun ẹran lọ́jọ́ Sunday. Ibẹ̀ ló ti máa ń rí owó ẹyọ àti yẹtí tó bọ́ lára àwọn èèyàn. Àwo méjì ló bá ẹ̀rọ wá. Ọ̀kan fẹ̀ tó ọmọrí àmù omi, èkejì kò ju àwo tí wọ́n ń gbé ife tíì lé lọ. Èyí tó bá wu èèyàn ló lè dè mọ́ ìdí ọ̀pá.

Bàtúrè fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ ṣàlàyé. Ó ní, “Ńlá, ó lọ jìn. Kékeré, ó rí nǹkan kékeré. Odò yìí, irin pàntí pọ̀ gan-an. Kékeré dára.”

Sàkáríyà gbọ́ “ńlá, ó lọ jìn,” etí rẹ̀ sì di síbẹ̀.

Síbẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé kò gbàmọ̀ràn, ó lọ bá Jàbárù. Ọmọ Ìlọrin ni Jàbárù, òun ló ń fi típà kó iyanrìn odò lọ fún àwọn tí ń kọ́lé. Sàkáríyà fẹ́ràn ìmọ̀ràn rẹ̀ nítorí pé ohun téèyàn bá ti ní lọ́kàn ló máa ń gbà á nímọ̀ràn.

“Bọ̀dá mi,” ni Jàbárù wí, “ẹni tó ní àwọ̀n ńlá, ṣé agbọ̀n ló máa fi pẹja?”

Inú Sàkáríyà dùn. Àsíátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Bàbá Ràdíátù,” ó ní, “ta ló ń fi ọkọ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀?”

“Ìyá Ràdíátù, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ là ń sọ, a ò sọ̀rọ̀ ẹ̀gún.”

“Ó dáa o. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀rọ.”

Ní Sátidé, Sàkáríyà de àwo ńlá mọ́ ọ̀pá, ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó kọrí sí etí odò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fà sẹ́yìn, iyanrìn sì tẹ́ lọ rẹrẹ. Kò tíì débi omi tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké lápá ọ̀tún, ó ké lápá òsì, kò sì dákẹ́ mọ́. Wúrà ni Sàkáríyà rò pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ìṣó ń bẹ níhìn-ín, ìdérí bíà ń bẹ lọ́hùn-ún, agolo mílíìkì sì wà láàárín wọn, àwo ńlá sì ń gbọ́ gbogbo wọn pa pọ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó dúró láàárín ọjà tó pariwo pé, “Ta ló pè mí?” Gbogbo ọjà ló dá a lóhùn.

Ó wá gbẹ́lẹ̀. Níbi tí igbe ti pọ̀ jù, ó gbẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi mù ún dé ìbàdí, ó sì yọ irin ìdí típà kan tó ti dípẹtà. Ó gbẹ́ ibòmíràn, ó rí orí ṣọ́bìrì. Bàbá Gwárí kan tó wá ponmi dúró, ó wò ó títí.

“Sànnu,” bàbá náà kí i. “Kai, rijiya ce?”

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kànga ni wọ́n ń gbẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ odò. Sàkáríyà wo inú kòtò, ó wo odò, ó wo ara rẹ̀.

“Yauwa,” ó ní. “Kànga ni.”

Kò pẹ́ tí etí odò fi dà bíi pé òkété ńlá kan kó dé síbẹ̀ tòun tẹbí. Lọ́jọ́ kan, Jàbárù ń fi ẹ̀yìn típà rìn lọ síbi iyanrìn, ni táyà ẹ̀yìn bá wọ inú kòtò kan gbì. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èébú lẹ́nu.

“Oníranù wo ló gbẹ́ sàréè síbí?”

“Ìwọ náà ni,” ni Sàkáríyà dá a lóhùn láti inú kòtò mìíràn. “Ìwọ lo ní kí n lo àwọ̀n ńlá.”

Jàbárù búra pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kì í pẹ́ gbàgbé ìmọ̀ràn tó bá gbani.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Sàkáríyà yọ́ àwo kékeré dè, lọ́jọ́ tí kò sẹ́nikẹ́ni létí odò. Iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀ bí ìgbà tí àgbébọ̀ ń tan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ké, ohun tó ké lé lórí wà níbẹ̀, kò sì jìn ju ọwọ́ lọ. Bí ìṣó àti owó ẹyọ bá sùn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ń mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sàkáríyà rí owó ẹyọ, ó rí kọ́kọ́rọ́, ó rí yẹtí obìnrin kan. Ó kó wọn délé, ó tò wọ́n síwájú Àsíátù.

“Àwo wo lẹ lò?” ni Àsíátù bi í.

“Mo ní kí àwo ńlá kọ́kọ́ sinmi ni. Ó ti ṣiṣẹ́ jù.”

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ṣàánú rẹ̀.”

Ní Ńyáńyà tí Sàkáríyà ń gbé, ìròyìn yẹtí yìí tàn kálẹ̀. Wọ́n ní káfíńtà kan wà tí ilẹ̀ kò lè fi nǹkan pamọ́ fún. Ìròyìn náà dé etí Ọ̀gbẹ́ni Ọládùnjoyè, ọ̀gá àgbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá iléeṣẹ́ rẹ̀ kó wá láti Èkó. Ọkùnrin náà kì í béèrè omi mímu láìkọ́kọ́ sọ ipò rẹ̀. Ó wa mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà Sàkáríyà, ó sì jókòó sínú rẹ̀ títí Sàkáríyà fi jáde wá dọ̀bálẹ̀ fún un lójú fèrèsé.

“Ìwọ lo ní ẹ̀rọ yẹn?”

“Èmi ni, sà.”

“Òrùka ìgbéyàwó ìyàwó mi bọ́ sínú iyanrìn etí odò ní Sunday. Wúrà gidi ni. Ìlú òyìnbó ni mo ti rà á. Wá bá mi wá a ní Sátidé.”

Ó ń fi ọwọ́ òsì júwe bí òrùka náà ṣe rí. Kò sí òrùka kankan lọ́wọ́ tirẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, Ọládùnjoyè kó àwọn ọ̀rẹ́ wá, ó kó àga wá, ó kó ọtí tútù wá, àfi bí ẹni tó ń ṣí afárá. Ìyàwó rẹ̀, Fẹ̀yìntọlá, jókòó lọ́tọ̀ lábẹ́ igi. Sàkáríyà náà kò dá wá. Àsíátù gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn ọjọ́ náà fún òun. Bí Ọládùnjoyè ti ń kí àwọn ọ̀rẹ́, Fẹ̀yìntọlá dìde, ó rìn wá síbi tí Sàkáríyà ti ń tú ẹrù rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.”

“Òo, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀, a máa rí i lónìí.”

“Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn.” Ó wo àwo méjèèjì. “Nínú méjì yìí, èwo ni kì í rí nǹkan kékeré?”

Sàkáríyà rò pé òun ṣì í gbọ́.

“Òrùka yẹn kò bọ́,” ni Fẹ̀yìntọlá wí. Kò gbóhùn sókè, kò sì sunkún. “Mo bọ́ ọ, mo jù ú ni. Ọkọ mi ní ìyàwó mìíràn àti ọmọ ní Ṣùúrùlérè. Gbogbo Èkó ló mọ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí òrùka yìí lónìí, á fi bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò fẹ́ kó parí bẹ́ẹ̀.”

Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì ṣèlérí kankan fún un. Ó padà sábẹ́ igi rẹ̀.

Gbogbo Ńyáńyà ló ń retí ìròyìn. Sàkáríyà ti múra ohun tó máa sọ lọ́kàn, àní ó ti mọ bí òun yóò ṣe na òrùka náà sókè kí oòrùn lè tàn sí i. Àwo kékeré ló ti dè mọ́ ọ̀pá láti ilé. Ó wo Àsíátù, tó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ni Sàkáríyà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú àwo kékeré, ó sì de àwo ńlá.

“Kí nìyẹn?” Ọládùnjoyè ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

“Àwo ńlá ni, sà. Ó ń lọ jìn.”

“Ńlá ló yẹ wá,” ni Ọládùnjoyè wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò mọ ohun tó ń sọ, tí àwọn náà sì mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Igbe ta. Sàkáríyà gbẹ́lẹ̀, ó yọ agolo. Ó tún gbẹ́ ẹ, ó yọ irin kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní táyà. Àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó wá mọ́tò tó kù síbẹ̀ jáde. Ó ń bá a lọ báyìí títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ òkúta kan. Níbẹ̀, láàárín ariwo, ó gbọ́ ohùn tínrín kan, irú èyí tó gbọ́ lọ́jọ́ tó rí yẹtí. Ó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Kí lo gbọ́ yẹn?” ni Ọládùnjoyè pariwo. Ó ti dìde lórí àga.

“Ìdérí bíà ni, sà.”

“Gbẹ́ ẹ ká wò ó.”

Sàkáríyà gbẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó mọ̀ ló ki ṣọ́bìrì bọ̀, Ọlọ́run sì bá a ṣe é, ìdérí bíà jáde lóòótọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ tán, Ọládùnjoyè bú Sàkáríyà ní Yorùbá, ó tún un bú ní òyìnbó kó lè dùn ún dáadáa. Ó pè é ní onírọ́, ó pè é ní ògbójú olè tí kò tiẹ̀ rí nǹkan jí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u mọ́,” ni Fẹ̀yìntọlá wí. “Ó ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Sàkáríyà ní Gbẹ́lẹ̀-má-rí-nǹkan. Jàbárù ló gbé orúkọ náà kiri gbogbo ibi tí típà rẹ̀ dé, títí dé Dei-Dei. Ó dun Sàkáríyà wọra. Kì í rọrùn kí wọ́n máa fi ohun téèyàn mọ̀ ọ́n ṣe ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, pàápàá ẹni tí kì í dákẹ́ nípa ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ kò sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àsíátù gbé oúnjẹ fún un lálẹ́ Sátidé náà, ẹran inú rẹ̀ sì ju ti ìgbà gbogbo lọ.

“Àwo ńlá yẹn ṣiṣẹ́ lónìí,” ó ní, ó sì wọlé lọ.

Òrùka ńkọ́? Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Jàbárù ti kó iyanrìn ẹ̀gbẹ́ òkúta náà lọ. Wọ́n ti pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n sì ti fi rẹ́ ògiri níbi kan ní Garki. Bóyá inú ògiri iléeṣẹ́ ìjọba ló wà, tí ògiri náà sì ti di ìyàwó ọ̀gá àgbà láìmọ̀.

Fẹ̀yìntọlá kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó kúrò nílé Ọládùnjoyè kí ọdún tó parí. Iṣẹ́ tíṣà tó fi sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó ló padà sí. Sàkáríyà náà fi iṣẹ́ òyìnbó sílẹ̀, ó pa àtíbàbà sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Kugbo, ó ń ṣe àga àti tábìlì. Pákó tí wọ́n ti fi da kọnkéré ló ń rà, nítorí kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìṣó tó ṣẹ́ sínú rẹ̀ ń ba ayùn àti ìfági jẹ́. Ó wá ń fi àwo kékeré yẹ pákó wò kí ayùn tó kàn án. Àwọn káfíńtà yòókù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọ́n ń wá yá ẹ̀rọ náà.

Ibẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá bá a lọ́dún kejì. Ó fẹ́ ṣí ilé-ìwé kékeré, ó ń wá bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Wọ́n kíra, wọ́n béèrè ara àwọn ọmọ. Sàkáríyà sọ iye tó máa gbà, ó sì ti gbé e sísàlẹ̀ nítorí ojú mọjú.

Fẹ̀yìntọlá figbe ta. “Hà, bàbá! Bẹ́ǹṣì yìí náà? Ẹ já a wálẹ̀, ẹ má fi ojú àlejò wò mí.”

Ó ná ọjà náà bí ẹni tí Sàkáríyà kò ṣe lóore rí, débi pé Àsíátù, tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀, ní láti wá jókòó sáàárín wọn kó lè là wọ́n.